Èékánná Ajá Tí Ẹ̀rù Ń Bà

Ajá ti bá Yorùbá gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń sọ ọ́ lórúkọ bí ẹni sọ ọmọ. Òwe ni ẹlòmíràn fi ń sọ ajá tirẹ̀ lórúkọ, irú bíi Tanímọ̀la, kí aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè máa gbọ́ ọ nígbàkúùgbà tí olájá bá ń pe ajá rẹ̀ wá jẹun. Ọdẹ a sì máa ka ajá rẹ̀ sí ẹnìkejì nínú igbó. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá lọ bá àgbàlagbà ọdẹ kan ní ìgbèríko Ẹ̀pẹ́, tí ó bi í léèrè pé kí ni ó fi ń gé èékánná ajá rẹ̀, ẹ̀rín ni bàbá náà yóò kọ́kọ́ rín. Kò gé èékánná ajá rí ní ayé rẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ń bá a gé e.

Òdodo sì ni. Ajá tí ń tọ ipa ẹran láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ń wa ihò òkété, tí ń sáré lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ pupa tí oòrùn ti mú le, kì í ní èékánná tí ó gùn tó ohun tí a ń gé. Bí ó ti ń hù ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n ayé ajá ti yí padà ní agbègbè wọ̀nyí. Láti Ìkòròdú, ní ọ̀nà Ìtòíkín, títí dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ ibi tí ó jẹ́ igbó àti oko ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀ rí ti di ilé olódi. Nínú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, inú ilé onírin ni ajá ń gbé ní ọ̀sán. Ní alẹ́ ni a ń tú u sílẹ̀ kí ó máa ṣọ́ ilé, ilẹ̀ tí ó sì ń tẹ̀ kò ju táìlì dídán àti koríko díẹ̀ lọ. Àwọn ajá kéékèèké onírun gígùn tilẹ̀ wà tí wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nínú pálọ̀. Ilẹ̀ kò bá irú ajá báwọ̀nyí gé èékánná mọ́. Ẹni tí ó mú wọn wálé ni yóò gé e.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ẹwà. Nígbà tí èékánná bá gùn ju bí ó ti yẹ lọ, òun ni yóò máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀ dípò àtẹ́lẹsẹ̀. Yóò máa ti ọmọ ìka sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìrìn ajá náà yóò yí padà, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Òmíràn a há sára irin tàbí aṣọ, a sì ya dé ìdí. Èyí tí ó burú jù ni èékánná àtàǹpàkò, tí ó wà lókè níhà inú ẹsẹ̀ iwájú, tí kì í kanlẹ̀ rárá. Bí a kò bá bojú tó o, yóò ká bí ìwo àgbò, yóò sì gún ẹran ara ajá náà wọlé. Ẹni tí ó bá ti gbóòórùn ẹsẹ̀ ajá tí ó kẹ̀ báyìí rí kò ní pè é ní ọ̀ràn kékeré.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ajá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹsẹ̀ wọn mú. Àwọn ará Ìkòròdú ẹ̀wẹ̀ jẹ́ ènìyàn tí àkókò wọ́n fún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni baálé ilé ti jáde, yálà kí ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mile 12, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bùté lọ sí Èkó. Alẹ́ pátápátá ni ó sì ń padà wọlé. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ó kù fún un. Nígbà tí ọ̀ràn ajá bá wá kàn án, gbogbo èékánná ni ó fẹ́ gé tán ní ìjókòó kan. Ọmọ kan yóò di orí ajá mú, ọmọ kejì yóò jókòó lé e lẹ́yìn, bàbá yóò sì mú ẹ̀mú tí ó fi ń tún wáyà iná ṣe. Ẹ̀mú kì í ṣe ohun mímú. Yóò kọ́kọ́ fún èékánná náà pọ̀ kí ó tó já a. Nígbà tí ó bá já, ẹ̀jẹ̀ yóò ta sí ilẹ̀, ajá yóò ké, wọn yóò sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, nítorí pé iṣẹ́ kò tíì tán.

Ajá kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ìró àpótí irinṣẹ́ nìkan ti tó láti lé e wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá wọ́ ọ jáde, yóò kùn. Bí wọ́n bá nà án nítorí kíkùn, yóò mọ̀ pé kíkùn ń fa ìyà, kò sì ní kùn mọ́: nígbà kẹta, bíbùjẹ ni yóò kàn bu ni jẹ. Ọwọ́ ta ni ó sì sún mọ́ ẹnu rẹ̀ jù lọ? Ọwọ́ ọmọ tí ó di orí mú ni. Lẹ́yìn èyí, ajá tí ó ti fi òtítọ́ inú ṣọ́ ilé fún ọdún mẹ́rin di ajá burúkú. A ó tà á fún ẹni tí kò ní bèèrè orúkọ rẹ̀. Bí ajá náà kò bá sì tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ọ̀ràn ọmọ náà di ti ikú òun ìyè. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yé ni pé nínú 100 ènìyàn tí àrùn dìgbòlugi bá mú, ó tó 99 tí ó jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Bí àmì àrùn náà bá sì ti hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ń yè é. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí ó ṣokùnfà gbogbo èyí ni pé bàbá náà wo ara tirẹ̀ nìkan nígbà tí ó ń yan irinṣẹ́. Ó bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni yóò tètè gé e?" Kò bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni ajá yìí lè fara dà?" Ìbéèrè kejì yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Fún ajá tí ara rẹ̀ balẹ̀, kò sí irinṣẹ́ mímú kan tí kò dára. Ṣùgbọ́n fún ajá tí ẹ̀rù ń bà, irinṣẹ́ tí ó dára jù lọ ni èyí tí ó ń gé díẹ̀, tí a lè dá dúró nígbàkígbà, tí kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni di ajá náà mú tipátipá. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn ohun tí ó wà ní ọjà, a ó rí i pé èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù kọ́ ni ó gba ipò kìíní.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí olájá mọ ìyàtọ̀ láàrin ìbẹ̀rù àti oríkunkun. Ajá tí ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún, tí ń fi ahọ́n lá imú léraléra, tí ó ká ìrù mọ́ abẹ́, tí ó tẹ etí sẹ́yìn, tí ó yí ojú títí funfun ẹyinjú rẹ̀ fi hàn, tí ń mí hẹlẹhẹlẹ ní ibi tí kò gbóná, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a dáwọ́ dúró. Ìwà òǹrorò ni kí a gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kí a sì pè é ní àfojúdi.

Ẹ̀mú, abẹ, àti àlùmọ́gàjí tí a fi ń ránṣọ kò yẹ ní ohun tí à ń fi kan èékánná ajá rárá. Ohun tí a fi ń gé èékánná ènìyàn kò sì yẹ ajá ńlá: pẹlẹbẹ ni èékánná ènìyàn, ṣùgbọ́n ti ajá rí róbótó, ó sì nípọn, bí ohun tí a ṣe fún pẹlẹbẹ bá sì fún un, fífọ́ ni yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn Hausa tí ń gé èékánná kiri àdúgbò, tí ń fi àlùmọ́gàjí wọn dún ṣákáṣáká kí oníbàárà lè gbọ́, mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni oníbàárà tiwọn, ènìyàn a sì máa na ìka sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Oríṣi àlùmọ́gàjí méjì ni a ṣe fún ajá. Èkíní ní ihò róbótó kan lórí. A ó ti èékánná bọ inú ihò náà, a ó fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, abẹ kan yóò sì yọ wá gé e. Ó dára fún ajá tí ó bá dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ti èékánná ajá tí ń gbọ̀n rìrì bọ irú ihò bẹ́ẹ̀? Bí ajá náà bá fa ẹsẹ̀ lójijì nígbà tí èékánná ti wọ inú rẹ̀, èékánná lè ya. Èyí nìkan tó láti mú kí a fi í sílẹ̀ fún ajá olójo. Èkejì dàbí ẹnu odídẹrẹ́, abẹ méjì tí ó tẹ̀ kọrọdọ tí wọ́n pàdé ara wọn. Èyí ṣí sílẹ̀ níwájú. Bí ajá bá fa ẹsẹ̀ kí a tó fún un pọ̀, ẹsẹ̀ náà yóò bọ́ ní àlàáfíà. Ó sì ní agbára tí ó tó fún èékánná àwọn ajá ńláńlá, irú àwọn ajá Jámánì àti Boerboel tí ń ṣọ́ ilé. Kí ó ṣáà ti mú ni, nítorí pé abẹ tí ó kú a máa fún ni kí ó tó gé ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀mú. Àwọn kan a máa ní irin pẹlẹbẹ kékeré lẹ́yìn, tí àwọn tí ń tà á sọ pé kò ní jẹ́ kí a gé jù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ lé irin yìí. Irin kò mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé.

Níbi tí ẹ̀jẹ̀ dé yìí ni gbogbo ẹ̀rù wà. Nínú èékánná ajá ni ẹran tútù kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára gba inú rẹ̀ kọjá. Lára èékánná funfun, ojú lè rí i bí ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú láti inú wá. Lára èékánná dúdú, kò hàn síta rárá, ajá tí èékánná rẹ̀ dúdú kò sì wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àlùmọ́gàjí gé irú èyí gbọ́dọ̀ máa bù ú ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín tín-ín-rín, kí ó máa wo ojú ibi tí ó gé. Nígbà tí ó bá rí ojú kékeré kan ní àárín, tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ó yí i ká, kí ó dúró níbẹ̀. Èyí rọrùn láti kọ sínú ìwé. Pẹ̀lú ajá tí ń jà pìtìpìtì lọ́wọ́, kò rọrùn rárá.

Nítorí ìdí èyí ni àwọn mìíràn ṣe ń ra ẹ̀rọ oníbátìrì tí orí rẹ̀ ní sáńpépà, tí ń yí bírí-bírí, tí ń jẹ èékánná lọ́ràá díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìwúlò tirẹ̀: kì í fún èékánná pọ̀, ó sì ń mú kí ó dán. Ṣùgbọ́n ó ń dún, ó ń gbọ̀n, ó sì ń gbóná bí a bá pẹ́ lójú kan. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ ìró tí ń gbọ̀n ju ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀nà ẹgbàárùn-ún, èyíinì ni 20,000, ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ajá tó nǹkan bíi 45,000. Nítorí náà, ohun tí ó dàbí ìró kòkòrò lásán létí olówó rẹ̀ lè jẹ́ igbe ńlá létí ajá. Irun ẹsẹ̀ àwọn ajá onírun gígùn a tún máa wé mọ́ orí ẹ̀rọ náà. Ní àdúgbò tí iná mànàmáná kò bá sì dúró, bátìrì rẹ̀ lè kú nígbà tí a bá gé ẹsẹ̀ kan tán. Bí a bá fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ mú ajá mọ̀ ọ́n, ó lè gbà á. Ẹni tí kò bá ní sùúrù ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọdọ̀ náwó sí i.

Fáìlì lásán, irú èyí tí kì í lo iná, tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, dára jù ú lọ fún ajá olójo. Kì í pariwo. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń mú kúrò lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó ṣòro kí ó tó dé inú ẹran láìjẹ́ pé a ti rí i. Bí ajá bá fẹ́ dìde, kí ó dìde. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ó lọ́ra ni a fi ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lílọ́ra yìí gan-an ni àǹfààní rẹ̀.

Síbẹ̀, ipò kìíní kì í ṣe ti fáìlì. Ti pákó ni. Ohun tí à ń sọ kò ju pákó pẹlẹbẹ kan lọ, tí ó gùn tó apá ènìyàn, tí ó sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ ajá lọ dáadáa, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ sáńpépà nọ́ńbà 80 mọ́ ojú rẹ̀ kan. Káfíńtà èyíkéyìí ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ lè fi àjákù pákó ṣe é kí oníbàárà tó jẹ àkàrà tán. A ó fi pákó náà dágun bí òrùlé, a ó dì í mú gírígírí kí ó má yẹ̀, ajá yóò sì máa fi ẹsẹ̀ iwájú họ ọ́ fúnra rẹ̀ bí ẹni ń wa ilẹ̀.

Kíkọ́ ajá ní èyí kò le, nítorí pé a bí ajá mọ́ wíwalẹ̀ ni. A ó fi ẹran díẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ àkísà lórí pákó náà. Ajá yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi imú tì í, nígbà tí kò bá sì ráyè mú un, yóò fi ẹsẹ̀ họ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni kí a ti yìn ín, kí a sì fún un ní ẹran mìíràn láti ọwọ́. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, a ó mú àkísà kúrò. Yóò ti yé ajá pé pákó yìí ni ilẹ̀kùn oúnjẹ, òun ni yóò sì máa sáré tọ̀ ọ́ wá. Ẹnikẹ́ni kò di orí mú, ẹnikẹ́ni kò jókòó lé ẹ̀yìn. Bí ó bá sú ajá, yóò kúrò níbẹ̀, bí ó bá sì di ọjọ́ kejì, yóò tún padà wá. Ohun tí ilẹ̀ ń ṣe fún ajá ọdẹ ní Ẹ̀pẹ́ náà ni pákó yìí ń ṣe fún ajá inú ọgbà ní Ìkòròdú.

Pákó náà ní àléébù, kò sì dára kí a fi í pamọ́. Èékánná méjì àárín ni ó ń jẹ jù. A ní láti máa yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì kí ti ẹ̀gbẹ́ lè kàn án. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣòro láti kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá tí ó bá ní àṣà àtifi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá tọ̀ tàbí tí ó yàgbẹ́ lè kọ́ ọ. Bí a bá tẹ́ pákó náà sílẹ̀ gbọọrọ láìdagun, tàbí bí a bá jẹ́ kí ajá họ ọ́ pẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bó. Ìhọ mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó fún ọjọ́ kan. Ti àtàǹpàkò kò sì sí lọ́wọ́ pákó rárá. Fáìlì ni yóò bá a ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀yìn. Àlùmọ́gàjí ẹlẹ́nu odídẹrẹ́ ni kí a fi sí ìkẹyìn, fún ìgbà tí èékánná bá ti gùn ju ohun tí pákó lè kápá lọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé àṣejù ni gbogbo èyí, pé ajá kì í ṣe ọba, pé a kì í bá ẹran ọ̀sìn dá májẹ̀mú: kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí a gé e, kí ó tán. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣírò owó rẹ̀ dáadáa. Títẹ̀mọ́lẹ̀ kì í tán, nítorí pé èékánná a máa hù padà, agbára tí a óò sì lò ní oṣù tí ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ju ti oṣù yìí lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ajá náà ti mọ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ń pa òwe yìí fún ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ni a tún ń rí ní ọ̀sán tí ó jókòó lé ajá lẹ́yìn!

Àtakò tí ó ní láárí ni ti àkókò. Ẹni tí ń kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ, níbo ni yóò ti rí àyè kọ́ ajá? Ṣùgbọ́n wíwo gbogbo èékánná bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ni ó mú kí àkókò dàbí ohun tí kò tó. Èékánná 18 ni ajá sábà máa ń ní, márùn-ún márùn-ún ní ẹsẹ̀ iwájú àti mẹ́rin mẹ́rin ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí a bá ń ha ẹyọ kan ṣoṣo lójúmọ́, nígbà tí a bá ń gbé oúnjẹ ajá sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní pé tí yóò fi kárí gbogbo wọn. Pákó kò tilẹ̀ gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tí ó ti dàgbà tó láti bọ́ ajá lè bá a ṣe é lójú àgbà. Ó sì tún ní èrè mìíràn: bí a bá ń dín orí èékánná kù díẹ̀díẹ̀ léraléra, ẹran tútù tí ó wà nínú rẹ̀ a máa fà sẹ́yìn, nígbà tí èyí tí a bá fi sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ a máa jẹ́ kí ẹran náà gùn tẹ̀lé èékánná.

Ti fáìlì ni ó gba ọgbọ́n díẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ni yóò di ẹsẹ̀ ajá mú. Ní ìlú St. Petersburg, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, onímọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Ivan Pavlov, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú. Ajá ni ó fi ń ṣe ìwádìí. Ó ṣàkíyèsí pé bí ìró kan bá ti ń ṣáájú oúnjẹ lọ́jọ́ dé ọjọ́, itọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu ajá ní kété tí ó bá gbọ́ ìró náà, kí oúnjẹ tó dé rárá. Ohun tí a rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ètò ni ó ṣe pàtàkì. Kí fáìlì kọ́kọ́ yọ, kí ẹja tẹ̀lé e. Ẹja yíyan tí a ti yọ egungun rẹ̀ kúrò dára fún èyí, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ajá rí fáìlì, kí ó jẹ ẹja, kí a gbé fáìlì kúrò. Lẹ́yìn èyí, kí fáìlì kan èékánná kan láìfà á, kí ẹja tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yí ètò yìí padà: wọn a fi ẹja tan ajá wá, nígbà tí ó bá dé, wọn a gbá a mú. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ràn fáìlì. Ẹja ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Bí ó bá di dandan kí a dí ajá lẹ́nu, kí ó má jẹ́ aṣọ tí a fà le ní ọ̀sán gangan. Ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bí ènìyàn. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, ajá tí kò bá sì lè la ẹnu nínú ooru lè kú. Ìdínu onísọ̀ọ̀rọ̀ bí agbọ̀n, tí ó fi àyè sílẹ̀ fún mímí, ni ó yẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì fún ajá ní oògùn oorun ènìyàn nítorí èékánná. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, kí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo lúbúlúbú tí ó gbẹ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí a fún ajá ní ẹran, kí iṣẹ́ ọjọ́ náà sì parí síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èékánná kan ṣoṣo ni a gé.

Ajá tí èékánná rẹ̀ ti gún ẹran, tàbí èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ti di bíbu ènìyàn jẹ, ti kọjá ohun tí pákó tàbí fáìlì lè ṣe. Oníṣègùn ẹranko ni kí a gbé e lọ bá. Òun ni ó mọ oògùn tí ó lè fi kun un lóorun láìpa á, òun ni yóò sì gé èékánná náà, tí yóò fọ ọgbẹ́ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ajá náà bá sì ti wà níwájú rẹ̀, kí ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ọdún náà kí ó tó padà sílé.